Ìtàn ìjọba Tatar ti Kazan: ọdún, orúkọ àti ẹ̀yà tí wọ́n máa ń kó pọ̀ mọ́ra

Àbẹ̀ní Òpìtàn

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn wa. Mò ń to ìtàn ìjọba Kazan jọ sí èdè Yorùbá fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ìyẹn ìjọba àwọn Tatar tó wà létí odò Volga. Ìwé kan ní 1438 ni wọ́n dá a sílẹ̀, òmíràn ní 1445. Ọba kan náà a gorí ìtẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta, orúkọ rẹ̀ a sì máa yí padà láti ìwé kan sí èkejì. Ti àwọn ẹ̀yà tó ń gbé ibẹ̀ tún ta kókó. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n, kó jọ̀wọ́ là á, kó sì sọ ibi tí ẹsẹ̀ ti máa ń yọ̀.

Baba Àkọọ́lẹ̀

Ẹ kọ́kọ́ ya Kazan sọ́tọ̀ lára àwọn ìjọba tó jẹ́ ọmọ ìyá rẹ̀. Inú ìjọba ńlá kan ni gbogbo wọn ti jáde, èyí tí ìran Jochi, àkọ́bí Chinggis Khan, ń jẹ, tí wọ́n ń pè ní Golden Horde. Nígbà tó fọ́ ní ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún ni Crimea dá dúró (1441 sí 1783), tí Kazan àti Astrakhan náà ṣe bẹ́ẹ̀, tí Sibir sì wà lápá ìlà oòrùn. Kasimov wà lábẹ́ ìṣọ́ Moscow láti nǹkan bí 1452 títí di 1681. Ìyókù ìjọba àtijọ́ náà, Great Horde, kò parẹ́ títí di 1502. Àwọn Nogai ń da ẹran kiri ní pápá koríko tiwọn. Kì í ṣe khan (ọba) ló ń ṣe olórí wọn, biy (olóyè) ni.

Bí ìwé kan bá kàn sọ pé "àwọn Tatar", ẹ béèrè pé àwọn wo. Àwọn tó dojú kọ Ivan Kẹta, ọba Moscow, létí odò Ugra ní 1480, ọmọ ogun Ahmad Khan ti Great Horde ni wọ́n. Àwọn tó dáná sun Moscow ní 1571, ará Crimea ni, Devlet Giray ló kó wọn wá. Ó ti pé ọdún 19 tí Kazan ti bọ́ sọ́wọ́ Rọ́ṣíà nígbà náà. Àwọn ojú ìwé tó ń fi ìṣẹ̀lẹ̀ méjèèjì yìí sí ìtàn Kazan kò níye.

Ní ti 1438 àti 1445: Ulugh Muhammad ni khan tí wọ́n lé kúrò lórí ìtẹ́ Golden Horde. Ó sá wá sí Belyov, ní òkè odò Oka. Vasily Kejì ti Moscow rán ogun sí i ní ìparí 1437, ogun Moscow sì sá. Àwọn tó mú 1438 gbà pé láti ibẹ̀ ló kọjá sí Kazan tààrà. Àwọn tó mú 1445 sọ pé ìgbà náà ni Mahmud, ọmọ rẹ̀, ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìlú náà. Lójú tèmi, 1445 ló lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ jù, nítorí ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́dún náà wà lákọsílẹ̀: ní ọjọ́ 7 oṣù keje, àwọn ọmọ Ulugh Muhammad ṣẹ́gun Vasily nítòsí Suzdal, wọ́n sì mú ọba fúnra rẹ̀ lẹ́rú. Wọ́n tú u sílẹ̀ nígbà tó gbà láti san owó ìràpadà ńlá. Owó náà gan-an ni àríyànjiyàn wà lórí rẹ̀: àkọsílẹ̀ Novgorod pè é ní 200,000 rúbù, ti Pskov ní 25,000. Ẹ má fi ọ̀kan sílẹ̀ kẹ́ ẹ mú ìkejì. Inú tó bí àwọn ará Moscow nítorí owó yìí wà lára ohun tó jẹ́ kí Dmitry Shemyaka, ìbátan Vasily, rí àyè gbàjọba ní 1446, tó sì fọ́ ojú Vasily méjèèjì.

Ẹ kọ ọ́ báyìí: "Ọdún 1438 tàbí 1445", kẹ́ ẹ fi ìdí kọ̀ọ̀kan sí i ní gbólóhùn kan.

Onísirò Ọjọ́

Kẹ́ ẹ tó kọ ọjọ́ kankan sílẹ̀, ẹ mọ kàlẹ́ńdà tí onítọ̀hún fi kà á. Mẹ́ta ló wà níbí.

Àkọsílẹ̀ Rọ́ṣíà ń ka ọdún láti ìgbà ìdá ayé, ọdún tuntun wọn sì bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án. Bí ìṣẹ̀lẹ̀ bá bọ́ sí oṣù kìíní sí ìkẹjọ, ẹ yọ 5508 kúrò. Bó bá bọ́ sí oṣù kẹsàn-án sí ìkejìlá, 5509 ni kẹ́ ẹ yọ. Kazan ṣubú ní oṣù kẹwàá ọdún 7061: 7061 dín 5509 jẹ́ 1552. Ẹni tó bá ń yọ 5508 láìwo oṣù, 1553 ló máa bá. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àṣìṣe ọdún kan ti ń wá.

Ti Hijri, kàlẹ́ńdà àwọn Mùsùlùmí: ẹ sọ ọdún náà di ìlọ́po 0.97, kẹ́ ẹ fi 622 kún un. Ìwé àṣẹ Sahib Giray, khan Kazan kan, jẹ́ ti 929. 929 lọ́nà 0.97 jẹ́ 901.13, ẹ fi 622 kún un, ó di 1523. Ìṣirò yìí ń fúnni ní ọdún, kì í fúnni ní ọjọ́, torí ọdún Hijri jẹ́ ọjọ́ 354 tàbí 355. Bó bá jẹ́ ọjọ́ lẹ́ ń wá, tábìlì ni kẹ́ ẹ lò.

Ìkẹta ni kàlẹ́ńdà Julian tí gbogbo ọjọ́ Rọ́ṣíà ìgbà náà wà lórí rẹ̀. Láti sọ ọ́ di kàlẹ́ńdà tiwa, ẹ fi 9 kún ọjọ́ ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún, kẹ́ ẹ fi 10 kún ti ìkẹrìndínlógún. Ọjọ́ 2 oṣù kẹwàá 1552 di ọjọ́ 12, ọjọ́ Àìkú ni. Bẹ́ ẹ bá rí ojú ìwé méjì tí ọ̀kan kọ 2 tí èkejì kọ 12, kò sí ẹni tó purọ́ nínú wọn. Èyí tẹ́ ẹ bá mú, ẹ mú un dópin, kẹ́ ẹ sì kọ ọ́ sókè ojú ìwé pé òun lẹ lò.

Adélé

Ti àwọn ọba: ẹ má kà wọ́n ní "ọba kìíní, ọba kejì". Sáà ni kẹ́ ẹ kọ. Muhammad Amin jọba lẹ́ẹ̀mẹta (1484–85, 1487–95, 1502–18). Shah Ali jọba lẹ́ẹ̀mẹta (1519–21, oṣù bíi mélòó kan péré ní 1546, àti 1551–52). Wọ́n lé Safa Giray lẹ́ẹ̀mejì, ó padà wá lẹ́ẹ̀mejì, orí ìtẹ́ ló sì kú sí ní 1549.

Sahib Giray àti Safa Giray kì í ṣe ẹnì kan náà. Sahib jọba ní Kazan láti 1521 sí 1524, ó wá lọ jẹ khan Crimea ní 1532. Ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni Safa. Shah Ali ni Şahğäli nínú ìwé Tatar, òun náà ni Shigaley nínú ìwé Rọ́ṣíà. Jan Ali, tó jọba láti 1532 sí 1535, àbúrò rẹ̀ ni.

Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ fi ṣe òpó ìtàn yín rèé. Ìran Ulugh Muhammad ló ń jẹ Kazan títí di 1518. Abdul Latif kú ní 1517, Muhammad Amin ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kú lọ́dún kejì, ilé ọba sì pa dé. Òfin wọn ni pé ọmọ ìran Chinggis nìkan ló lè jẹ khan. Ìjòyè yòówù kó lágbára tó, kò lè gun orí ìtẹ́ yẹn; ó ní láti lọ mú ọmọ ọba wá láti ìlú mìíràn. Àwọn kan ní kí wọ́n mú ẹni tí Moscow fẹ́ láti Kasimov, àwọn mìíràn ní ará Crimea làwọn ń fẹ́. Láti 1518 sí 1552, ìjà ẹgbẹ́ méjì yìí ni gbogbo ìtàn náà. Ẹni tí kò bá sọ ọ̀rọ̀ ìran tó parun yìí, gbogbo ọba tí wọ́n ń yọ tí wọ́n ń fi jẹ á dà bí eré ọmọdé lójú akẹ́kọ̀ọ́.

Ẹ má gbàgbé àwọn obìnrin. Nur Sultan, ọmọ olóyè Nogai, fẹ́ Khalil Khan ti Kazan, ó fẹ́ Ibrahim Khan lẹ́yìn rẹ̀, òun ló bí Muhammad Amin àti Abdul Latif. Nígbà tí Ibrahim kú, ó fẹ́ Mengli Giray ti Crimea. Nítorí náà, nígbà tí Crimea àti Moscow ń ṣọ̀rẹ́, ìyá ọba Kazan ló wà láàfin Crimea. Söyembikä náà, ọmọ Yusuf olórí Nogai ni. Ó fẹ́ Jan Ali, ó fẹ́ Safa Giray, ó sì ṣe adelé fún ọmọ rẹ̀ kékeré, Utamish Giray, láti 1549 sí 1551.

Elédè Púpọ̀

Mo máa dáhùn ti ẹ̀yà, torí ibẹ̀ ni wàhálà pọ̀ sí jù.

Ẹ fi odò Volga pín ilẹ̀ náà. Kazan fúnra rẹ̀ àti abúlé àwọn Tatar tó yí i ká wà ní apá òsì. Apá ọ̀tún jẹ́ ilẹ̀ olókè, ìdí nìyẹn tí Rọ́ṣíà fi ń pè é ní Ìhà Òkè. Àwọn Chuvash ló pọ̀ jù níbẹ̀, pẹ̀lú àwọn Mari Òkè. Àwọn Mari Pápá wà lódì kejì, lápá òsì. Àwọn Udmurt wà lápá àríwá sí ìlà oòrùn, àwọn Tatar ń pè wọ́n ní Ar, ìlú Arsk sì wà lágbègbè wọn. Mordva, tó pín sí Erzya àti Moksha, wà lápá gúúsù sí ìwọ̀ oòrùn. Àwọn Bashkir tó wà níwọ̀ oòrùn ilẹ̀ wọn náà ń san ìsákọ́lẹ̀ fún Kazan.

Èdè Tatar àti ti Bashkir sún mọ́ra gan-an. Èdè Chuvash jẹ́ ẹbí wọn, ṣùgbọ́n ẹ̀ka tirẹ̀ dá wà. Kò sí èdè alààyè mìíràn lórí ẹ̀ka náà, Tatar kò sì lè gbọ́ ọ bí kò bá kọ́ ọ. Mari, Udmurt àti Mordva kò bá wọn tan rárá ní ti èdè. Ìbátan èdè Finland ni wọ́n. Mùsùlùmí ni àwọn Tatar. Ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn yòókù ń bọ ohun tí baba wọn ń bọ, ìjọba Kazan kò sì fipá yí wọn padà. Owó orí ló ń gbà lọ́wọ́ wọn.

Ibi tí ẹsẹ̀ ti ń yọ̀: nínú ìwé Rọ́ṣíà ìgbà yẹn, "Cheremis" ni Mari, ṣùgbọ́n wọ́n ń kó Chuvash mọ́ ọn. Bẹ́ ẹ bá kà pé Cheremis Ìhà Òkè ṣe nǹkan kan, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ Chuvash. Ti "Chuvash" tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ: nínú ìwé owó orí ọ̀rúndún kẹrìndínlógún àti ìkẹtàdínlógún ní agbègbè Kazan, àwọn tí wọ́n kọ ní Chuvash lápá òsì odò jẹ́ àgbẹ̀ asanwó-orí, púpọ̀ nínú wọn sì jẹ́ Mùsùlùmí tó ń sọ Tatar. Orúkọ ipò ni níbẹ̀. Ẹ má fi ìwé owó orí ya àwòrán ilẹ̀ ẹ̀yà.

Orúkọ Tatar náà ńkọ́? Àwọn ará ìlú sábà ń pe ara wọn ní Mùsùlùmí tàbí ará Kazan. Àwọn kan tún ń tọpasẹ̀ ara wọn dé Bulgar, ìjọba tó wà níbẹ̀ kí Mongol tó gbà á ní 1236, tó sì ti gba Ìsìláàmù láti 922. (Bulgar ti Volga ni o, kì í ṣe orílẹ̀-èdè Bulgaria.)

Baba Àkọọ́lẹ̀

Mo fẹ́ fi kún ọ̀rọ̀ Bulgar yẹn. Bẹ́ ẹ bá ń ka ìwé tí wọ́n tẹ̀ nígbà Soviet, ẹ wo ọdún rẹ̀. Ní oṣù kẹjọ 1944, ìgbìmọ̀ àárín ẹgbẹ́ òṣèlú Kọ́múnísì pàṣẹ tó bá àwọn òpìtàn Tatarstan wí pé wọ́n ń gbé Golden Horde ga. Láti ìgbà náà, ohun tí kò léwu láti kọ ni pé ìran Bulgar ni àwọn Tatar Kazan, pé wọn kò bá Horde tan. Ìwé tó jáde lẹ́yìn 1944 á máa ti Bulgar síwájú, á sì fo Horde. Èyí kò sọ pé irọ́ ni ti Bulgar. Àwọn ará abúlé àti ará ìlú ti wà níbẹ̀ kí Ulugh Muhammad tó dé. Ilé ọba, àwọn ìdílé olóyè àti ètò ìjọba ló wá láti Horde. Ẹ kọ méjèèjì.

Àbẹ̀ní Òpìtàn

Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin àgbà. Àwọn olóyè wo ló wà lábẹ́ khan? Kí ni wọ́n sì ń gbà lọ́wọ́ mẹ̀kúnnù?

Adélé

Ìdílé mẹ́rin ló ń mú ìlú: Shirin, Barin, Arghyn àti Qipchaq. Àwọn olórí wọn ni karachi, ẹni tó ga jù nínú wọn ni ulugh karachi-beg. Ẹ̀gbẹ́ wọn ni sayyid wà, olórí àwọn àlùfáà, tó ń pe ara rẹ̀ ní ìran Ànábì. Kul Sharif tó kú ní 1552, sayyid ni. Sayyid lágbára débi pé ó ń bá wọn rán ikọ̀ lọ sí Moscow. Lẹ́yìn àwọn wọ̀nyí ni beg àti mirza, kó tó kan àwọn jagunjagun, kó wá kan àwọn tó ń san yasak, ìyẹn owó orí.

Ní ti owó orí, ìwé àṣẹ Sahib Giray ti 1523 ni kẹ́ ẹ dì mú. Ọdún 1912 ni wọ́n rí i. Ó dá àwọn kan sílẹ̀ lọ́wọ́ owó orí, kó tó dá wọn sílẹ̀ ó ka owó náà lọ́kọ̀ọ̀kan: yasak, kalan, salıq, owó abúlé, owó orí ilẹ̀, àti èyí tí wọ́n ń ka èéfín ààrò fún. Bí ìwé bá ń dá ẹnì kan sílẹ̀ lọ́wọ́ nǹkan, a jẹ́ pé ẹni tí kò nírú ìwé bẹ́ẹ̀ ń ṣe é. Nítorí náà, ìwé ìdásílẹ̀ ló ń sọ ẹrù tó wà lọ́rùn ará oko fún wa. Ọ̀nà tó sàn jù nìyí, torí ilé àkójọ ìwé àwọn khan Kazan kò sí mọ́. Ìwé tó kù kò tó ìka ọwọ́.

Ìyẹn náà ló fà á tó fi jẹ́ pé ẹnu àwọn tó ṣẹ́gun la ti ń gbọ́ púpọ̀ nínú ìtàn yìí. Ìtàn Kazan tí ẹnì kan tí kò kọ orúkọ rẹ̀ kọ ní Rọ́ṣíà ní nǹkan bí 1564 dùn kà, àmọ́ àlọ́ pọ̀ nínú rẹ̀, pàápàá níbi tó ti ń sọ ti Söyembikä. Andrey Kurbsky, ọ̀gágun Moscow, wà lójú ogun 1552 fúnra rẹ̀, ẹ lè gbà á gbọ́ lórí ohun tó ṣẹlẹ̀ níwájú rẹ̀.

Olódi

Kò tíì sẹ́ni tó dé ibi tí ìlú ti ṣubú, ẹ jẹ́ n mú un.

Kí 1551 tó dé, ìgbà òtútù ni Ivan Kẹrin, ọba Moscow, máa ń gbógun lọ, kí yìnyín lè gbé kẹ̀kẹ́ àti ìbọn àgbá kọjá odò. Ní ìgbà òtútù 1547 sí 1548, ooru dé lójijì, yìnyín Volga là, ìbọn àgbá rì, ọba padà sílé. Ní 1550 wọ́n dé ẹnu odi, wọ́n dó tì í fún ọjọ́ 11, òjò àti yìnyín tó ń yọ́ lé wọn padà. Odi nìkan kọ́ ló ṣẹ́gun wọn. Ilé jìnnà, kò sí ibi tí wọ́n lè kó oúnjẹ àti ẹ̀tù pa mọ́ sí.

Sviyazhsk ló tán ìṣòro yìí. Wọ́n gé igi odi ní igbó tó wà ní agbègbè Uglich, lókè odò. Wọ́n kọ́ odi náà tán síbẹ̀, wọ́n sàmì sí igi kọ̀ọ̀kan, wọ́n tú u, wọ́n jẹ́ kí Volga gbé e wá sí òkè tó wà níbi tí odò Sviyaga ti pàdé rẹ̀, bí 30 kìlómítà sí Kazan. Ivan Vyrodkov ló bójú tó iṣẹ́ náà. Igi tí wọ́n gbé wá tó ìdajì òkè náà péré, níbẹ̀ ni wọ́n ti gé ìyókù. Síbẹ̀ ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni wọ́n fi parí rẹ̀, láàárín oṣù karùn-ún sí ìkẹfà 1551. Bí wọ́n ti rí odi yìí láàárín ilẹ̀ wọn, àwọn Chuvash àti Mari Òkè búra fún Moscow. Ìhà Òkè lọ láìsí ogun ńlá.

Ní oṣù kẹjọ 1551, Kazan fi Söyembikä àti ọmọ rẹ̀ lé Moscow lọ́wọ́, wọ́n gba Shah Ali, wọ́n tú àwọn ẹrú Rọ́ṣíà sílẹ̀ (àkọsílẹ̀ Rọ́ṣíà ní 60,000). Àwọn ìjòyè rò pé Ìhà Òkè á padà sọ́wọ́ wọn, kò padà. Shah Ali pe àwọn tó ń ta kò ó wá síbi àsè, ó pa àwọn bí 70. Ní oṣù kẹta 1552 ó fi ìlú sílẹ̀. Nígbà tí gómìnà Moscow dé láti wọlé, wọ́n ti ìlẹ̀kùn odi mọ́ ọn, wọ́n sì pe Yadegar láti ìran Astrakhan wá jọba.

Ìparí oṣù kẹjọ ni wọ́n dó ti ìlú. Yapancha, olórí ogun Kazan kan, wà nínú igbó Arsk pẹ̀lú ogun tirẹ̀: bí àsíá bá ti gòkè lórí ilé ìṣọ́ nínú ìlú, òun á yọ láti ẹ̀yìn, àwọn ará ìlú á yọ láti iwájú. Ní ọjọ́ 30 oṣù náà, Alexander Gorbaty-Shuisky, ọ̀gágun Moscow, tàn án jáde kúrò nínú igbó, ó sì fọ́ ogun rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n kan omi. Ọ̀nà abẹ́ ilẹ̀ kan wà tí àwọn ará ìlú ń gbà lọ pọnmi. Ní ọjọ́ 4 oṣù kẹsàn-án wọ́n fi àgbá ẹ̀tù 11 fọ́ ọ. Ìlú kò tọrọ àlàáfíà. Wọ́n gbẹ́lẹ̀ títí wọ́n fi rí omi kan tó ń rùn, wọ́n ń mu ún, ara ọ̀pọ̀ wú, wọ́n ń kú. Vyrodkov tún kan ilé ìṣọ́ onígi kan tó ga tó mítà 12, wọ́n tì í sún mọ́ odi lóru, àwọn tó wà lórí rẹ̀ ń yìnbọn sínú ìgboro. Ní ọjọ́ 2 oṣù kẹwàá, àgbá ẹ̀tù 48 bú lábẹ́ odi, wọ́n sì wọlé. Kul Sharif àti àwọn tirẹ̀ jà níbi mọ́ṣáláṣí títí wọ́n fi kú. Wọ́n mú Yadegar láàyè, wọ́n ṣe ìrìbọmi Kristẹni fún un, wọ́n sọ ọ́ ní Simeon.

Ẹ má dá ìtàn dúró síbẹ̀. Ogun abúlé ń lọ lọ́wọ́ títí di 1557, ó tún ṣẹ́ yọ ní àwọn ọdún 1570 àti 1580.

Onísirò Ọjọ́

Ṣé kí wọ́n kọ 150,000 ọmọ ogun tí gbogbo ojú ìwé ń kọ?

Olódi

Kí wọ́n kọ "àkọsílẹ̀ Rọ́ṣíà ní 150,000 ènìyàn àti ìbọn àgbá 150", kì í ṣe "wọ́n jẹ́ 150,000". Ọ̀pọ̀ òpìtàn òde òní kò gba iye ènìyàn yẹn. Bíbọ́ wọn àti ẹṣin wọn kò ṣeé ṣe. Ti ìbọn ṣeé gbà díẹ̀. Bákan náà ni 30,000 tí wọ́n ní ó wà nínú odi.

Àbẹ̀ní Òpìtàn

Ó ti yé mi. Àwòrán ló kù. Mo ní ti ilé ìṣọ́ Söyembikä, mọ́ṣáláṣí Kul Sharif, àti Sviyazhsk láàárín omi. Ṣé mo lè lò wọ́n?

Elédè Púpọ̀

Ẹ lò wọ́n, ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ ohun tẹ́ ẹ kọ sábẹ́ wọn. Ilé ìṣọ́ náà, alájà méje, tó ga tó mítà 58, àríyànjiyàn wà lórí ọdún rẹ̀. Ọ̀pọ̀ gbà pé ìgbà Rọ́ṣíà ni wọ́n kọ́ ọ. Àlọ́ ni pé Söyembikä bẹ́ láti orí rẹ̀. Moscow ni wọ́n mú un lọ, wọ́n sì fún Shah Ali fẹ́. Mọ́ṣáláṣí tó wà nínú Kremlin (odi ìlú Kazan) báyìí, 2005 ni wọ́n ṣí i, ẹnikẹ́ni kò mọ bí ti àtijọ́ ṣe rí gan-an. Sviyazhsk kì í ṣe erékùṣù ní 1551. Ìdídò Kuibyshev ní àwọn ọdún 1950 ló mú omi yí i ká. Omi yẹn kan náà ló mú Volga dé ẹsẹ̀ Kremlin Kazan. Ní 1552, odò Kazanka ló wà lẹ́sẹ̀ odi, Volga ṣì jìnnà sí i ní kìlómítà mélòó kan, torí náà ẹ má fi àwòrán ilẹ̀ òde òní ṣàlàyé ogun.

Bẹ́ ẹ bá fẹ́ ilé kan tó dúró láti sáà náà, ẹ lo ibojì Shah Ali, ilé olókùúta tí wọ́n kọ́ ní 1555. Kasimov ló wà, ní agbègbè Ryazan, kì í ṣe Kazan.